Dókítà àti Nọ́ọ̀sì Tó Sá Ogun Wá sí Ìlú Ọba: Ọ̀nà Tí Wọ́n Lè Gbà Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí àwọn kan tí a jọ ń gbé àdúgbò, tí a jọ ń tò sí ọ́fíìsì káńsù, àmọ́ tí a kì í mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn lóru lè jẹ́ dókítà tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Khartoum kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹrin 2023. Obìnrin tó ń wẹ arúgbó ní òpópónà yín lè jẹ́ agbẹ̀bí láti Aleppo. Ogúnléndé ni wọ́n. Ọwọ́ wọn ò tíì gbàgbé iṣẹ́, ìwé àṣẹ ni wọn ò ní.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá. Nígbà ìjọba ológun Abacha, láàárín 1993 sí 1998, ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó sá kúrò nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sá jáde ní 1994. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni nọ́ọ̀sì láti Sudan àti nọ́ọ̀sì tó kàwé ní Ìbàdàn tàbí Iléṣà ń gbà wọlé. Bí ẹ bá ní àǹtí tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé, tó sì ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbí, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí jẹ́ tirẹ̀ náà.

Ohun tí a ti rí láti ìgbà tí a ti ń bá àwọn ènìyàn yẹ ìwé wọn wò ni pé kì í ṣe àìmọṣẹ́ ló ń dá wọn dúró. Ọjọ́ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìwé tí wọ́n ń béèrè ló ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ á sanwó ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ń lọ.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí Hitler ń lé àwọn Júù kúrò ní Jámánì, ọ̀pọ̀ dókítà sá wá síbí láti 1933 lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni kò rí àyè fọwọ́ kan aláìsàn. Ogun ló yí i padà. Ní 1941, nígbà tí dókítà ò tó mọ́, ìjọba ṣe òfin pé kí wọ́n kọ orúkọ dókítà ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ludwig Guttmann wà lára àwọn tó sá wá. Ó gúnlẹ̀ ní 1939, Oxford ló sì kọ́kọ́ wà. Ní 1944 wọ́n gbé ìtọ́jú àwọn tí egungun ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ní Stoke Mandeville. Ìdíje tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1948 fún àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn ló dàgbà di Paralympics.

Ní 2020 náà, nígbà àrùn kòrónà, NHS wá àyè fún àwọn dókítà tí kò tíì ní ìwé GMC láti máa ran àwọn dókítà lọ́wọ́ lábẹ́ àbójútó. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀kùn yẹn ní kọ́kọ́rọ́, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń mú un jáde.

Ta ló lè ṣiṣẹ́, ta ni kò tíì lè ṣe é?

Ẹni tí Home Office ti gbà gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣì ń dúró de èsì kò tíì ní in. Bó bá ti dúró fún oṣù 12, tí ìdádúró náà kì í sì ṣe ẹ̀bi tirẹ̀, ó lè kọ̀wé béèrè àṣẹ láti ṣiṣẹ́, àmọ́ kìkì irú iṣẹ́ tí ìjọba bá là sílẹ̀ ni. Ìjọba ti yí ìlànà yẹn padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí náà lọ́yà ni kí ẹ bi, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí.

Dídúró ò wá ní kí ènìyàn káwọ́ gbera. Ó lè fi àtinúwá ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àánú láìgba owó. Ó lè kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó sì máa kàwé ìdánwò, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Inú ìwé tí wọ́n ń pè ní Bail 201 ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Ẹ kà á dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó lọ forúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà níbẹ̀, lọ́yà lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́.

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà

GMC ló ń kọ orúkọ dókítà sílẹ̀. NMC ló ni ti nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. HCPC ló ń rí sí àwọn tó ń ya fọ́tò egungun, àwọn tó ń tún iṣan àti oríkèé ṣe, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Apòògùn á lọ sọ́dọ̀ GPhC: ẹ̀kọ́ ọdún kan tí wọ́n ń pè ní OSPAP, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 52 lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kó tó wá ṣe ìdánwò. Dókítà eyín á lọ sọ́dọ̀ GDC fún ìdánwò ORE, tí ó ní apá méjì, tí àyè rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n gan-an. A ò ní lè sọ gbogbo wọn tán. Ti dókítà àti ti nọ́ọ̀sì ni àwọn ènìyàn ń gbé wá bá wa jù.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìloro ilé. Ìdánwò méjì ló wọ́pọ̀, IELTS Academic àti OET. Nínú IELTS, dókítà gbọ́dọ̀ gba 7.5 lápapọ̀, kò sì gbọdọ̀ rí èyí tó kéré sí 7 nínú kíkà, kíkọ, gbígbọ́ àti sísọ. Ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kó ti rí gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì nílò 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, àti 6.5 nínú kíkọ. NMC tiẹ̀ gbà kí nọ́ọ̀sì pa èsì ìjókòó méjì pọ̀, bí wọn ò bá ju oṣù 12 síra wọn lọ, bí kò bá sì sí èyí tó já wálẹ̀ ju 6.5 lọ nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, tàbí 6 nínú kíkọ. Ẹ̀dínwó wàhálà ńlá nìyẹn, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ pé ó wà.

OET wọ́n ju IELTS lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ló kún inú rẹ̀: lẹ́tà tí a fi ń gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ò yá. Èrò tiwa ni pé ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́, tí kò sì rántí bí a ṣe ń kọ àròkọ mọ́, OET ni kó lọ. Owó IELTS kan ò jìnnà sí £200. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé owó rẹ̀ dín, kí ló jèrè?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́

Ká ní dókítà kan yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní 2024. Ọdún méjì ni agbára èsì náà, oṣù kìíní 2026 ló máa tán. Ó fi èyí tó kù nínú 2024 wá ìwé-ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀ kiri. Oṣù kejì 2025 ló tó ṣe PLAB 1, ìyẹn ìbéèrè 180 ní wákàtí mẹ́ta. Ó yege. Ó wá àyè fún PLAB 2, oṣù kọkànlá ló rí. Ó tún yege. Èsì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó jáde, ó ti di oṣù kejìlá nìyẹn. GMC wá béèrè ìwé tó fi hàn pé kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn níbi tó ti ṣiṣẹ́. Ó ti gba irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ oṣù mẹ́ta péré ni agbára tiyẹn, ó ti kú tipẹ́. Kó tó rí òmíràn, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ti kú. Ọkùnrin yìí ò kùnà ìdánwò kankan o! Ó wá di kó tún padà sí ìloro lọ jókòó fún IELTS.

Nítorí náà, ẹ máa ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìgbà tí àyè ìdánwò tó kẹ́yìn lè wà, àti ibi tí owó rẹ̀ máa ti wá. Ìwé yunifásítì ni kí ẹ kọ́kọ́ lé, torí òun ló máa ń pẹ́ jù, òun náà sì ni kì í kú. Ẹ lè máa kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ìgbà yẹn láìtíì jókòó fún ìdánwò. Ìgbà tí ìwé bá ti bọ́ sọ́wọ́ ni kí ẹ wá lọ ṣe é. Ìwé àìlẹ́sùn-lọ́rùn ni kó gbẹ̀yìn pátápátá. Ti nọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀: ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CBT ní ọdún méjì tirẹ̀, ẹ má ṣe sáré ṣe é torí pé ó rọrùn.

Ibi tí ẹ̀mí wà

Apá yìí la fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. GMC kì í fi ojú lásán wo ìwé-ẹ̀rí. Wọ́n ń fẹ́ kí iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ ECFMG yẹ̀ ẹ́ wò nípasẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní EPIC, ohun tí EPIC sì máa ń ṣe ni pé á kọ̀wé sí yunifásítì tó fún dókítà náà ní ìwé. Fún ọmọ Nàìjíríà, kò sí wàhálà níbẹ̀ ju kí a máa pe akọ̀wé yunifásítì lórí fóònù lójoojúmọ́ lọ. Fún ẹni tó ń sá fún ìjọba ìlú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Yunifásítì yẹn lè wà lábẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń lé e. Lẹ́tà kan láti òkè òkun tó dárúkọ rẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó wà, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì wà nílé lọ́hùn-ún.

Ẹ má ṣe bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì rẹ̀, kódà bí ẹ bá rò pé oore lẹ ń ṣe. Ẹ má ṣe fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nílé pé kó bá a lọ wò ó. Kó kọ́kọ́ sọ fún lọ́yà rẹ̀, kó sì kọ̀wé sí GMC tàbí NMC pé ogúnléndé ni òun, kó ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè bá ilé kàn sí. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun sí wọn, wọ́n á sọ ẹ̀rí mìíràn tí wọ́n lè gbà. Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé ojú ń ti àwọn ènìyàn láti sọ ọ́. Wọ́n á máa fi èsì falẹ̀, ọ́fíìsì á sì rò pé wọn ò fẹ́ mọ́, wọ́n á pa fáìlì dé.

Ọ̀rọ̀ owó

Iṣẹ́ ìṣirò owó la yàn láàyò, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní 2024, nọ́ọ̀sì san £140 fún yíyẹ ìwé rẹ̀ wò lọ́dọ̀ NMC, £83 fún CBT, £794 fún ìdánwò àfọwọ́ṣe tí wọ́n ń pè ní OSCE, àti £153 fún kíkọ orúkọ sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £1,170, a ò tíì ka ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àti owó ọkọ̀ sí i. Dókítà ní tirẹ̀: PLAB 1 ju £250 lọ, PLAB 2 wà ní nǹkan bí £1,000, Manchester nìkan ni wọ́n sì ti ń ṣe é, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á tún san owó ọkọ̀ ojú irin àti ibi tó máa sùn. GMC máa ń dín owó ìdánwò kù fún ogúnléndé. Àfi kí ènìyàn béèrè kó tó sanwó o.

Nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe kánjú san £794 yẹn lápò ara yín. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn NHS máa ń gba nọ́ọ̀sì tó ti yege nínú CBT àti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́, wọ́n á kọ́ ọ fún OSCE, wọ́n á sì san owó rẹ̀. Ẹ bèèrè ìyẹn níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kì í ṣe ìwọ̀sí.

RefuAid ń yá ogúnléndé ní owó tí kò ní èlé, ó lè tó £10,000, fún ìdánwò àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Refugee Council ti ń bá wọn ṣe ètò tí wọ́n ń pè ní Building Bridges. REACHE wà ní Salford. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà, BMA, náà ní ètò ìrànwọ́ fún dókítà ogúnléndé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fúnra wa: ogúnléndé ni wọ́n dìídì ṣe irú ètò wọ̀nyí fún. Ọmọ wa tó wá pẹ̀lú físà iṣẹ́ tàbí físà ọkọ lè má rí i gbà, kó má ṣe tìtorí rẹ̀ purọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Ẹni tó ń gba Universal Credit náà, kó ṣọ́ra. Bí owó tó wà ní báńkì bá kọjá £6,000, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ohun tí wọ́n ń fún un. Kó bèèrè ìmọ̀ràn kó tó jẹ́ kí owó àyálò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ń ṣubú lu àwọn tó mọṣẹ́

PLAB 2 ní ibùdó 16, ìṣẹ́jú mẹ́jọ-mẹ́jọ, pẹ̀lú òṣèré tó ń ṣe bí aláìsàn. Dókítà tó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là lè wọlé síbẹ̀ kó kùnà, torí pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ni pé dókítà ló ń sọ̀rọ̀, aláìsàn ló ń gbọ́. Níbí, wọ́n fẹ́ kó bi aláìsàn pé: kí lo rò pé ó ń ṣe ọ́? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù? Kí lo retí pé kí n ṣe fún ọ? Nílé tiwa, bí dókítà bá bi màmá àgbà pé kí lẹ rò pé ó ń ṣe yín, màmá á ní, ṣé ìwọ kọ́ ni dókítà ni? Kò tán síbẹ̀. Bó bá ti ṣe tán láti fún un lóògùn, ó gbọ́dọ̀ bi í bóyá ó fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń fún èèyàn ní máàkì fún irú ìbéèrè yìí kò ní í béèrè rẹ̀.

Ti nọ́ọ̀sì jọ ọ́. Nínú OSCE, ibùdó mẹ́wàá, ó gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kí wọ́n rí i, kó ka orúkọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ aláìsàn, kó bèèrè bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀, kó sì máa sọ ohun tó ń ṣe jáde lẹ́nu. Ẹni tó ń ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tó ṣe é dáadáa, lè pàdánù máàkì.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀yin aládùúgbò ti lè ṣèrànwọ́, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣe aláìsàn fún wọn. Ẹ jókòó lórí àga, ẹ ní inú ń run yín, ẹ máa ṣàròyé bí ẹni gidi, kí ọmọ yín mú aago dání fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí dára fún un jù, torí ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì àdúgbò wà lẹ́nu wọn. Bí ìyá ọlọ́mọ bá fẹ́ kàwé, ẹ bá a mú ọmọ fún wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ má fi ojú kéré rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa bá yín jókòó ṣe ìdánwò, tàbí pé òun mọ ẹni tó mọ ìbéèrè, ẹ sá fún un. Ní 2023, NMC kéde pé èsì CBT láti ibùdó ìdánwò kan ní Ìbàdàn ṣàjèjì, torí àwọn kan parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú tó kéré jù. Wọ́n ní kí àwọn tó ṣe é níbẹ̀ tún un ṣe, títí kan àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ó dájú pé aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ wà láàárín wọn, àwọn náà sì jẹ nínú ìyà yẹn.

Lẹ́yìn tí orúkọ bá ti wọ ìwé, owó ọdọọdún á máa lọ sọ́dọ̀ GMC tàbí NMC. Ẹni tó ń san owó orí lè bèèrè ẹ̀dínwó lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC. Fún ẹni tó ń san ìpín 20, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló máa padà wá. Ẹ tọ́jú rìsíìtì sínú àpòòwé kan.

Bí ẹ bá fẹ́ kí a bá yín wo ìwé, tàbí ẹ mọ ogúnléndé kan tó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó mú ẹ̀dà wá, kó fi ojúlówó sílé. Kó kọ ọjọ́ tí ó gba ìwé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ẹ̀dà náà. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣì wà lọ́dọ̀ Home Office, kó mú lẹ́tà lọ́yà rẹ̀ dání pẹ̀lú.